Ìdán Kẹta Pànkẹ́rẹ́

Ọ̀sán gangan ni Testimony gé òwú àkọ́kọ́.

Kò sí ẹlòmíràn nílé. Màmá Mojí, ìyá bàbá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ, ti lọ sóko ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀. Ọyẹ́ ti mú gbogbo ìlú Ìdó-Òkúta, ètè àwọn ènìyàn ti là, eruku sì ti bo àwọn òkè ọ̀nà Kàbà mọ́lẹ̀ débi pé bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀ rí. Nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀, òfì àtijọ́ kan fẹ̀yìn ti ògiri. Aṣọ kíjìpá pupa kan tí wọn kò hun parí wà lórí rẹ̀. Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sí kòkòrò tó fẹnu kan aṣọ pupa yẹn rí.

Gbogbo ọmọ ilé ló mọ ìdí rẹ̀. Onídán kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pànkẹ́rẹ́, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì máa ń ta ènìyàn lára bí ẹgba. A máa sọ fìlà olóyè di adìyẹ. A máa mú kí ìyàwó tuntun han bí ẹlẹ́dẹ̀ lójú àna. Ìlú rẹ́rìn-ín títí, àfi ọjọ́ tí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ pa ènìyàn. Ni àgbà oníṣègùn kan bá dojú kọ ọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ja ìjà oògùn. Nígbà tó borí rẹ̀, ó dè é mọ́ òwú, ó sì ní kí ìyá ńlá Màmá Mojí hun òwú náà mọ́ aṣọ.

"Ẹni tó bá gé òwú mẹ́ta níbẹ̀, tó pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti jí i," Màmá Mojí máa ń wí fún àwọn ọmọ. "Ẹ má sì bi mí bí wọ́n ṣe ń dá a padà. N kò mọ̀ ọ́n."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Testimony. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Theresa, ló ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin ìlú, títí Agatha, ìyá Lois ọ̀rẹ́ Testimony, fi bí ọmọkùnrin kan tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Agatha dìde láàrin ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ìka sí Theresa.

"Àjẹ́ nìyẹn. Òun ló jẹ ọmọ mi."

Ẹnikẹ́ni kò béèrè ẹ̀rí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òkúta ti ń bọ́ sórí páànù Theresa, ó sì sá lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀. Ó di oṣù mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wọkọ̀ pé òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ọkọ̀ bá ti kọjá Mọ̀pà báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa ké, wọ́n á sì gbé e padà.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, nídìí kànga, Lois ti rọra kí Testimony pé, "Okun o." Agatha gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

"Mo ní kí o má kí ọmọ àjẹ́!"

Testimony kò sunkún. Ó gbé omi délé, ó wá abẹ ìfárí, ó wọ yàrá ẹ̀yìn.

Ó gé òwú mẹ́ta. Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan rẹ́rìn-ín kẹ́kẹ́kẹ́ nínú aṣọ, bí ìgbà tí wọ́n ń fi èékánná ha awo. Òwú bẹ̀rẹ̀ sí í tú fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró níwájú òfì, ó gùn, ó rí pẹlẹbẹ bí ewé, eyín rẹ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Testimony wo ilẹ̀. Eruku bo ilẹ̀ yàrá náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò fi ipa kankan sílẹ̀, kò sì ní òjìji.

"Ta ló jí mi?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọdé!" Inú rẹ̀ dùn. "Àwọn àgbà a máa bẹ̀rù, ọmọdé ni kì í bẹ̀rù. Ìdán mẹ́ta ni mo máa ń pa. Ìwọ lo ni méjì. Ìkẹta, tèmi ni. Èmi ni màá yan ẹni tí màá pa á fún, èmi ni màá sì rán ara mi. Ṣé o gbọ́?"

Testimony gbọ́, ṣùgbọ́n kò fi í sọ́kàn. Ọ̀kan péré ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Màmá Lois," ó ní. "Mo fẹ́ kí ojú tì í níbi tó ti dójú ti ìyá mi."

* * *

Ọjọ́rú ni àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣèpàdé. Agatha ni akọ̀wé wọn. Ó dìde, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Ẹ̀yin ìyá wa, okun o. Ìkéde àkọ́kọ́ ni pé—mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Agatha fọwọ́ bo ẹnu, ó wúkọ́, ó tún ọ̀fun ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní—mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ìyá kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn gbà á. Láìpẹ́ gbogbo ilé ń mì, àwọn kan di ikùn mú, àwọn kan ń lu ìjókòó. Ṣùgbọ́n Agatha kò lè dákẹ́. Igbe náà ń ga sí i, bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ síbi ọ̀bẹ, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kú. Ẹnìkan pe, "Jésù!" Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde kí aṣọ wọn má bàa kan tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe yẹra fún Theresa ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn fèrèsé, Testimony rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti lọ.

* * *

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn Agatha ti padà. Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí abúlé kan lápá Ekinrin-Adde, lọ́dọ̀ Dáramọ́lá oníṣègùn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ló ti gba ìwo kékeré kan ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tó lọ rì í mọ́ abẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà Theresa, kí Theresa má bàa lè padà wálé mọ́.

"Okun o, bàbá."

"Okun. Jókòó, má tíì sọ nǹkan kan."

Dáramọ́lá kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan jáde láàrin ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Òwú pupa kan ni, tín-ín-rín. Kíá ló jù ú sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ mú ẹ̀yinná.

"Ta ló ń bá ọ jà?"

"Theresa nìkan ni, bàbá. Kò sí ẹlòmíràn."

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ Theresa. Bàbá bàbá mi ló so òwú yìí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mẹta. "Wọ́n ti tú ohun tí kò yẹ kí wọ́n tú."

Ó wọlé, ó pẹ́ kó tó jáde. Àdó kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìda dí i lẹ́nu.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láyé. Èmi kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wá ojú ẹsẹ̀ ẹni tó rán ìdán náà. Ní ọ̀sán gangan, da èyí sínú rẹ̀. Ẹ̀rín tó ń fi ọ́ rín á yí padà sí i nínú."

"Kí ló máa wá ṣe onítọ̀hún?"

"O kò bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ti Theresa."

Agatha gba àdó náà, ó ká a mọ́ etí ìró. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Bàbá, bó bá jẹ́ ọmọdé ńkọ́?"

"Oògùn kì í béèrè ọjọ́ orí," ni Dáramọ́lá wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

* * *

"Ìyá mi kò lè wálé," Testimony sọ fún Pànkẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Kí òun náà má lè jáde nílé."

Ọjọ́ ọjà ni. Agatha gbé agbọ̀n iṣu rù, Lois sì tẹ̀ lé e. Wọ́n dé ìdí igi ìyeyè tó wà láàrin ìlú nígbà tí oòrùn wọ àtàrí. Ẹsẹ̀ Agatha dúró. Ó fẹ́ gbé e síwájú, ó lọ sẹ́yìn. Ó tún gbé e, ó tún lọ sẹ́yìn. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ń fi ẹ̀yìn sáré lọ sí ilé, iṣu ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ wà níwájú, ẹ̀rù sì ti sọ ojú náà di nǹkan mìíràn.

Ilẹ̀kùn ń ti gbàgà gbàgà lójú pópó. Àwọn tó ń kí i láàárọ̀ ń fa ọmọ wọn wọlé.

"Ìyé, ẹ dúró!" Lois di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ nínú eruku. "Ìyé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Testimony wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ̀rín ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ni Lois bá gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin, orókùn Lois ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ẹ̀rín náà há sọ́fun Testimony, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Nígbà tó délé, Pànkẹ́rẹ́ jókòó sórí odó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó ti ní òjìji, òjìji náà sì gùn jù fún ọ̀sán. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà káàkiri ilẹ̀, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Lórí òfì, aṣọ tó kù kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

"Ó ku tèmi," ó ní.

"Ta lẹ fẹ́ pa á fún?"

"Lois."

"Lois kò ṣe mí ní nǹkan kan!"

"Kò ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n òfì yìí kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí mo bá jáde tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọlé. Ọ̀la, lọ́sàn-án."

"Mi ò ṣe mọ́. Ẹ padà lọ sùn, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ìwọ lo fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sunkún. Mo ń bá ọ parí iṣẹ́ ni, ọmọ dáadáa."

Nígbà tí Màmá Mojí dé láti oko, Testimony sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kò lù ú. Ó jókòó sórí àpótí, ó kàn gbá orí mú.

"Ọmọ ọmọ ẹni tó dè é wà lápá Ekinrin-Adde. Ní kùtùkùtù ni màá lọ bá a. Títí n ó fi dé, má jẹ́ kí Lois sún mọ́ ilé yìí."

* * *

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Agatha kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sílé, ó di àdó mú. Ó gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Testimony ló wà níbẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ń ṣe hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Màmá Lois, okun o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Lois jáde lọ́sàn-án òní. Ẹ tì í mọ́lé."

Agatha kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Apá aṣọ ọmọ náà ló ń wò. Òwú pupa kan lẹ̀ mọ́ ọn, tín-ín-rín, irú èyí tí Dáramọ́lá fà láàrin ìka rẹ̀.

"Ìwọ ni," ó sọ jẹ́jẹ́. Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó sọ ọ́ di ewúrẹ́ lójú gbogbo obìnrin ìlú! Ọmọ Theresa! Ó jókòó, ó ń ka bí oòrùn ṣe ń gun. Kò mọ̀ pé Lois kò sí ní yàrá mọ́. Ohùn kan ti pe Lois lẹ́yìnkùlé, ohùn Testimony gẹ́lẹ́: "Lois, máa bọ̀. Ìjà ti parí." Lois ti bọ́ bàtà sílẹ̀ kó má bàa pariwo, ó sì ti tẹ̀ lé e.

Nígbà tí òjìji ilé wọ abẹ́ ilé tán, Agatha jáde. Ó ń tọ ipa sálúbàtà Testimony lọ nínú eruku, láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé Màmá Mojí. Ìlú dákẹ́. Àwọn ènìyàn ṣì wà nínú ìsìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ojú ẹsẹ̀ kékeré kan, ti Testimony, ti hàn ketekete, ó sì fi eyín yọ ìda ẹnu àdó.

Nínú yàrá náà, Testimony, tó bá Lois níbẹ̀ nígbà tó padà délé, ti fi apá méjèèjì dì í mú, ó ń fà á. Lois dúró níwájú òfì bí ẹni tó ń sùn. Òwú pupa ti wé e dé àyà. Bí Testimony bá já ọ̀kan, méjì á wé. Ó gbọ́ ìró nǹkan níta, ó yọjú, ó sì rí Agatha lórí ìkúnlẹ̀.

"Màmá Lois, ẹ má dà á síbẹ̀!"

"Dákẹ́, ọmọ àjẹ́."

"Èmi ni! Èmi ni mo rán méjì yẹn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìkẹta wà nínú ilé báyìí, ó ń ṣe Lois, òun fúnra rẹ̀ ló sì rán ara rẹ̀. Ẹ wo ojú ẹsẹ̀ rẹ̀! Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi yẹn!"

Agatha wò. Ojú ẹsẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò jìnnà sí ti ọmọ náà ju ìka méjì lọ. 

"Ìyé!" Ohùn Lois ni. Agatha gbójú sókè, ó rí ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ètè Lois ń mì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Láti inú aṣọ ni.

Pànkẹ́rẹ́ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fara ti òpó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyáàfin," ó ní, "ọmọ tó dójú tì ọ́ ló dúró níwájú rẹ yìí. Ìyá rẹ̀ ló gba ọmọkùnrin rẹ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sán ti pé. Da nǹkan rẹ síbi tó yẹ."

Ọwọ́ Agatha wà lórí ojú ẹsẹ̀ kékeré náà. Oṣù mẹ́rin ìbínú wà nínú ọwọ́ yẹn. Kò gba Testimony gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dárí jì í. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé ẹni tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ìlú kò ní gba òun ní ìmọ̀ràn rere.

Ó yí ọwọ́ padà, ó da àdó náà sínú ojú ẹsẹ̀ gígùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́búlẹ́bú dúdú náà dà síbi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ta sínú ti kékeré.

Pànkẹ́rẹ́ ya ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde, ó wọlé ni. Ó gbé e mì, ikùn rẹ̀ wú, ó tún gbé òmíràn mì. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì ké, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sẹ́yìn wọ inú yàrá, ó ń fi èékánná ha òpó, ó ń ha ilẹ̀kùn, ó ń ha ògiri. Òwú tú kúrò lára Lois wìì, ó sì lọ pàdé rẹ̀. Igbe kan ṣoṣo ni wọ́n tún gbọ́. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, aṣọ pupa náà wà lórí òfì, ó pé bí aṣọ tí wọ́n hun parí.

Lois ṣubú. Agatha sáré wọlé, ó gbé e mọ́ra, ó ń pè é, Lois sì dáhùn pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀.

Testimony dúró sójú kan. Nǹkan kan bí ata ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè bọ̀. Ó dé orúnkún, ó dé ikùn, ó dé ọ̀fun, ó sì jókòó síbẹ̀.

* * *

Màmá Mojí àti Dáramọ́lá dé nígbà tí oòrùn ti yẹ̀. Dáramọ́lá ká aṣọ náà, ó gbé e lọ, kò sì sọ ibi tó ń gbé e lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lójú gbogbo àdúgbò, Agatha fi ọwọ́ ara rẹ̀ wú ìwo kékeré jáde lábẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà Theresa.

Ní ọjọ́ kẹta, Theresa sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbé e ṣinṣin. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀ kí Agatha tó wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́, Theresa. Dárí jì mí."

"Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti tú u," Theresa wí, ó sì ń bá ilẹ̀ tó ń gbá lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Agatha dìde láàrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Theresa kò pa ọmọ mi. Ọmọ mi kú ni. Mo ń wá ẹni tí màá bínú sí."

Theresa jókòó ní iwájú. Kò mi orí. Kí wọ́n tó kọ orin ìkẹyìn, ó dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jáde. Àwọn aboyún ti ń padà wá bá a báyìí. Bí Agatha bá kí i pé okun o, kì í jẹ́ ẹ.

Testimony kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́. Lois a máa sọ ẹ̀fẹ̀ fún un, a máa ṣe bí ọ̀bọ, Testimony á ya ẹnu, inú rẹ̀ á dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí yóò jáde. Wọ́n mú un lọ bá Dáramọ́lá. Ó wo ọ̀fun rẹ̀ títí.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní. "Ó kẹ̀yìn sí ìta ni. N kò mọ ìgbà tí yóò yíjú."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Testimony àti Agatha nìkan ló pàdé nídìí kànga. Ọmọ náà fa omi rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá Lois, èyí tó ta sí tèmi lọ́jọ́ yẹn, ṣé ọwọ́ yín ló gbọ̀n, àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

Agatha gbé korobá tirẹ̀ sílẹ̀.

"Mo ti bi ọwọ́ mi léèrè," ó ní. "Kò tíì dá mi lóhùn."

Ó na ọwọ́ náà láti bá ọmọ náà gbé omi rù. Testimony wo ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó fi agbára ara rẹ̀ gbé korobá náà ka orí, omi dà sí i léjìká, ó sì kọrí sí ọ̀nà ilé.